Ìyàwó Tó Ti Òkè Ààlà Wá: Ta Ni Yóò San Owó Ìbímọ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí agbẹ̀bí kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa bá wa sọ níbi ìpàdé àjọyọ̀ wa ní Àgbádárìgì

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀, mo bi í pé kí ni agbẹ̀bí fẹ́ sọ níwájú àwọn lọ́yà, àwọn ọ̀gá báńkì àti ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù? Ó ní, "Sísítà, ohun tí ojú rẹ ti rí ni kí o sọ." Ohun tí ojú mi rí náà nìyí.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú ilé mi. Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ ìyàwó láti Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo. Ọmọ Ègùn ni, bíi tiwa. Èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ ni ìyá mi ń sọ. A ṣe ìdána, a jẹ, a mu. Ìyàwó dé, ó ń ta ẹja yíyan lọ́jà, ó lóyún. Kò sẹ́ni tó rántí ìwé kankan. Ìgbà tí ìrọbí mú un lóru, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ. Dókítà ní ọmọ dábùú, àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Akọ̀wé ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú owó àsansílẹ̀ wá, àbí káàdì adójútòfò. Àbúrò mi ní káàdì láti ibi iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi orúkọ ìyàwó síbẹ̀. Aago méjì òru ni wọ́n pè mí. Kí ẹbí tó tu owó jọ, ilẹ̀ ti mọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìyá yè. Ọmọ kò yè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gbẹ̀bí fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ọmọ tí n kò sí níbẹ̀ gbà yìí ni mo ń rántí jù. Ohun tó sì ń dùn mí ni pé gbogbo ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe ni mo mọ̀. Mi ò sọ ọ́ fún wọn, mo rò pé wọ́n mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ fún yín lónìí.

Àwọn olùkọ́ ìtàn wa á bá mi jẹ́rìí sí èyí. Ní August 10, 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tó fi ààlà sáàárín Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́. Wọn kò bi ìyá ìyá wa léèrè. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ẹbí kan náà ti di àlejò fún ara wọn. Ìwé ló sọ ìyàwó wa di àlejò. Ìwé náà la ó fi tú u.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí òfin wí. Ìwé àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún ọmọ orílẹ̀-èdè tó wà nínú rẹ̀ láàyè láti wọlé láìgba físà, kó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó lọ gba ìwé ìgbélùú. Ìyàwó tirẹ̀ tún ní ọ̀nà mìíràn: ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 26, sọ pé obìnrin tí ọmọ Nàìjíríà bá fẹ́ lè forúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ Nàìjíríà. Mo ní obìnrin o. Ọkùnrin ilẹ̀ òkèèrè tó fẹ́ ọmọ wa kò ní àǹfààní yẹn. Ẹ̀yin lọ́yà, iṣẹ́ yín nìyẹn. Ní ti ọmọ, abala 25 ti là á: bí bàbá tàbí ìyá bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni ọmọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n bí i.

Ó dáa, ṣé ó dìgbà tí ìyàwó bá di ọmọ Nàìjíríà kó tó rí ìtọ́jú? Rárá o. Òfin adójútòfò ìlera ti 2022 sọ pé gbogbo olùgbé Nàìjíríà ni kó ní adójútòfò. Olùgbé ló wí. Ní Èkó níbí, òfin ètò ìlera ìpínlẹ̀ ti wà láti 2015, òun ló bí Ìlera Èkó. Ní July 2024, gómìnà tún pàṣẹ pé dandan ni fún olùgbé. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, 8,500 náírà lọ́dún ni fún ẹnì kan, 40,000 fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà. Owó ti gbẹ́nu sókè láti ìgbà náà, ẹ béèrè iye tòní. Ẹ ṣáà fi wé owó iṣẹ́ abẹ kan ṣoṣo. Nọ́ńbà olùgbé tí LASRRA ń fúnni ni wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ, LASRRA sì ń kọ orúkọ àlejò tó ń gbé Èkó pẹ̀lú.

Èyí tó tún ṣe pàtàkì: òfin ìlera ti 2014, abala 20, ní ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì, ohun yòówù kó fà á. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Ká ní àbúrò mi mọ̀ ni, ì bá fẹnu sọ ọ́ lóru yẹn.

Àwọn kan á ní, "Kó padà sílé lọ bímọ, ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ abẹ níbẹ̀." Lóòótọ́, láti 2009 ni ìjọba Benin ti bẹ̀rẹ̀ ètò iṣẹ́ abẹ ìgbẹ̀bí ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ìrọbí kì í dúró de ẹ̀ṣọ́ ààlà. Ẹ rántí pé láti August 2019 títí di December 2020 ni wọ́n fi ti Sẹ̀mẹ̀ pa. Bó bá máa lọ, kó lọ nígbà tí ara ṣì gbé e, kó sì ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ Sẹ̀mẹ̀ nìkan ni. Ọ̀pọ̀ wa ló ní ọmọ ní London tó fẹ́ mú ìyàwó lọ. Ẹni tó bá gba físà aya máa san owó ìlera mọ́ ọn: 200 pọ́ùn lọ́dún ni ní 2015, láti February 2024, ó di 1,035 fún àgbàlagbà. Físà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà láti ilé, ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń kà á sí, ó di 3,105 pọ́ùn. Ó ń dunni, àmọ́ ẹni tó san án kò tún ní san owó ìgbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ìjọba. Èyí tó bá físà ìbẹ̀wò lọ bímọ, iye tó ná wọn àti ààbọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ fún un. Wọn ò gbọdọ̀ lé aláboyún nítorí owó, ṣùgbọ́n gbèsè náà kò ní kú: bó bá tó 500 pọ́ùn, tó sì lé ní oṣù méjì, wọ́n lè tìtorí rẹ̀ fi físà dù ú lẹ́yìnwá ọ̀la. Láti 1983 sì ni bíbí ọmọ síbẹ̀ nìkan kò ti sọ ọmọ di ọmọ ilẹ̀ wọn mọ́.

Kí ni ká wá ṣe? Àwọn àgbà ní ọjọ́ tí ogun dé kọ́ là ń wá ọfà. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé ìyàwó wọlé, ẹ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀, kí ẹ gba ìwé rẹ̀. Ẹ mú ìyàwó lọ gba nọ́ńbà olùgbé. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sí adójútòfò kó tó lóyún, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí owó tí a san lónìí lè má ṣiṣẹ́ lọ́la. Bó bá lóyún, kó tètè forúkọ sí ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí, kí ọkọ sì mọ ẹni tó máa fún un lẹ́jẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ ẹgbẹ́ yìí. Lọ́yà wà láàárín wa, òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wà, nọ́ọ̀sì wà. Ẹ jẹ́ ká ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù, ká bá àwọn ìyàwó wọ̀nyí kọ ìwé wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kí olúkúlùkù wa tó kúrò níbí lónìí, kó kọ orúkọ ìyàwó kan tó mọ̀ sílẹ̀ fún akọ̀wé.

Ìyàwó àbúrò mi tún lóyún lẹ́yìn ọdún méjì. Èmi fúnra mi ló mú un lọ gba nọ́ńbà, èmi ni mo dúró lẹ́nu kántà títí wọ́n fi tẹ káàdì lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ abẹ náà ni wọ́n tún ṣe, kò sẹ́ni tó bèèrè owó àsansílẹ̀. Ọmọ náà wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ lọ́hùn-ún yẹn, òun ló ń ké látàárọ̀ tí ẹ̀ ń wojú mi. Ẹ jẹ́ kó máa ké.

Ọlọ́run á sọ gbogbo aláboyún wa kalẹ̀ láyọ̀.