Gba Owó, Má Dá Mọ́tò Padà: Kí Ló Yẹ Ká Wò Ká Tó Fọwọ́ Síwèé?

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ ohun tí yóò wúlò fún àwa tí a wà ní Amẹ́ríkà, àti fún ẹ̀yin ará ilé tí à ń fi mọ́tò ránṣẹ́ sí. Ọ̀rọ̀ mọ́tò tuntun tí kò yé bàjẹ́ ni mo mú wá.

Ní Amẹ́ríkà, "lemon" ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ọsàn kíkan: ojú rẹ̀ ń dán, àfi ìgbà tí o bá fi sẹ́nu. Ìpínlẹ̀ Connecticut ló kọ́kọ́ ṣòfin lé e lórí ní 1982. Lónìí, kò sí ìpínlẹ̀ tí kò ní tirẹ̀. Ní California, bí wọ́n bá tún àléébù kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin tí kò lọ, tàbí lẹ́ẹ̀mejì bó bá jẹ́ èyí tó lè pani, tàbí tí ọkọ̀ lo ju 30 ọjọ́ lọ ní ṣọ́ọ̀bù, láàárín oṣù 18 tàbí máìlì 18,000 àkọ́kọ́, òfin á gbà pé wọ́n ti gbìyànjú tó. Olówó ọkọ̀ lè béèrè owó rẹ̀ tàbí ọkọ̀ mìíràn.

Àmọ́ ọ̀nà kẹta wà, àdéhùn ni. Ilé iṣẹ́ á san owó díẹ̀, ẹ̀yin á sì máa wa mọ́tò yín lọ. Ó dára, bí àléébù náà kò bá ju ìnira lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo nǹkan mẹ́rin.

Èkíní, bó bá jẹ́ bíréèkì, sitíárì, tàbí ohun tó lè gbiná, ẹ dá a padà. Owó kì í ra ẹ̀mí.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí lọ́yà ka ìwé náà. Bí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, ó ṣòro kí ẹ tún pè wọ́n lẹ́jọ́ lórí àléébù yẹn. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wáráńtì tó kù ṣì dúró, kí wọ́n sì kọ ẹni tí yóò san owó lọ́yà.

Ẹ̀kẹta, gbèsè báńkì kò lọ. Oṣooṣù ni ẹ ó ṣì máa san án.

Ẹ̀kẹrin, ẹ tọ́jú gbogbo ìwé àtúnṣe, pẹ̀lú ọjọ́ àti máìlì. Láìsí ìwé, ẹjọ́ kò lẹ́sẹ̀.

Wàyí o, ibi tó ká mi lára jù nìyí. Bí ilé iṣẹ́ bá gba ọkọ̀ padà ní California, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ "Lemon Law Buyback" sórí ìwé ọkọ̀ náà, kí ẹni tó máa rà á lè mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba owó tí ẹ sì mú ọkọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ń kọ nǹkankan sí i. Ìwé mọ́, àléébù ṣì wà níbẹ̀. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dé Kútọnu tàbí Èkó, tí wọ́n pè é ní tokunbọ̀, ẹni tó bá fi nọ́ńbà ṣasí yẹ̀ ẹ́ wò lè má rí nǹkankan. Wáráńtì kì í sábà bá ọkọ̀ kọjá òkun. Mẹkáníìkì Ládípọ̀ á wá máa wá ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa gba owó àléébù. Àbúrò wa ló gba àléébù fúnra rẹ̀. Ṣé ìyẹn dára?

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ ọ́, ẹ dín owó rẹ̀ kù, kí ẹ sì fi ìwé àtúnṣe rẹ̀ lé ẹni tó rà á lọ́wọ́. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn kì í ṣe ibi tó yẹ kó ti bá a.