Ọ̀nà Àbùjá sí Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì
(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé alẹ́ sọ)

 

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a ti kàwé tán, ìyá kan nínú yín dúró dè wá lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Ó na fóònù rẹ̀ sí wa, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo kà á, ó yé mi díẹ̀, kò yé mi tán. Ọmọ yìí ní kí n ta ilẹ̀ mi."

Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Ó ti gba oyè yunifásítì nínú ìṣirò owó nílé níbí kó tó lọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe báyìí. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló rí. Ọ̀kan ní oṣù 12 ni yóò fi parí, èkejì ní oṣù 16. Ìyá ní, "Ṣé ti oṣù 12 kọ́ ló dára ni? Ẹni tó tètè parí ni yóò tètè rówó."

Ọ̀rọ̀ náà kò kan ìyá yìí nìkan. Ó sì gbà wá láyè kí a fi ṣe ẹ̀kọ́ fún gbogbo yín.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ti ilé-ìwé girama bọ́ sí yunifásítì láti gba oyè nọ́ọ̀sì máa ń lo ọdún 4. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní oyè nínú ẹ̀kọ́ mìíràn lè gba ọ̀nà àbùjá. Wọn a kó ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nìkan lé e lórí, bíi oṣù 11 sí oṣù 18, láìsí ìsinmi gígùn. Oyè kan náà ni yóò gbà. Ìdánwò kan náà ni yóò sì ṣe níkẹyìn, èyí tí wọ́n ń pè ní NCLEX-RN. Bí kò bá yege níbẹ̀, ìpínlẹ̀ kò ní fún un ní ìwé àṣẹ, kò sì lè ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì bó ti wù kí oyè rẹ̀ pọ̀ tó.

Àwa àti ìyá jọ jókòó, a ka ìwé ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì títí dé ibi tí wọ́n kọ wínníwínní. Ibẹ̀ ni ojú wa ti là. Oṣù 12 yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí a san owó fọ́ọ̀mù. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti kọ́ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn àti bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, nípa kòkòrò àìfojúrí, nípa kẹ́mísìrì, àti àwọn mìíràn, kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ẹni tó kọ́ ìṣirò owó, níbo ni yóò ti rí kòkòrò àìfojúrí? Nígbà tí a ka gbogbo rẹ̀ pọ̀, oṣù 12 di oṣù 24. Oṣù 16, tí ohun tí wọ́n ń béèrè kò tó bẹ́ẹ̀, di oṣù 25. Oṣù kan péré ni à ń torí rẹ̀ sáré!

Ẹ mú pẹ́ńsù yín nísinsìnyí. Ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Texas máa ń tẹ èsì ìdánwò ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan jáde. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé nínú 100 tó ṣe ìdánwò lẹ́ẹ̀kíní, ó kéré tán kí 80 yege. Èyí dára. Ṣùgbọ́n ká ní ènìyàn 60 ló wọlé. Iṣẹ́ wúwo, 20 já sílẹ̀ lọ́nà. 40 tó kù ṣe ìdánwò, 38 yege. Ilé-ẹ̀kọ́ yóò kọ ọ́ gàdàgbà pé 95 nínú 100 ló yege. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn 20 yẹn ti náwó, wọn kò sì débi ìdánwò rárá. A wá ní kí ọmọ náà kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì, kó béèrè pé: mélòó ló wọlé nínú ẹgbẹ́ tó kẹ́yìn, mélòó ló sì parí lásìkò?

Àwa náà ti jẹ ìyà irú rẹ̀ rí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan wọ irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó fi máàkì díẹ̀ kùnà nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní kó dúró di ìgbà tí ẹgbẹ́ mìíràn bá tún kọ́ ọ, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n sì ń gba ènìyàn. Ó jókòó sílé fún odidi ọdún kan. Onílé kò jókòó ní tirẹ̀, owó ilé ló ń béèrè lóṣooṣù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a fowó ránṣẹ́. Àwa tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ọ̀gá ilé-ìwé, a kò bá a béèrè kó tó wọlé pé, bí o bá kùnà ńkọ́?

Ọ̀nà àbùjá kan tún wà tí kì í ṣe ọ̀nà rárá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan ènìyàn 25 nítorí ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì èké tó ju 7,600 lọ, tó jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ní Florida. Àwọn tó rà á kò kọ́ṣẹ́. Síbẹ̀ bíi 2,400 nínú wọn yege ìdánwò! Nítorí náà, kí a tó san kọ́bọ̀, kí ọmọ wo orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀, kó má gba ẹnu ẹni tó ń polówó gbọ́. Kó tún wò ó bóyá CCNE tàbí ACEN fọwọ́ sí i, nítorí bó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ni yóò béèrè rẹ̀.

Ó ku owó. Pell Grant, owó ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ wọn ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lówó, kì í kan ẹni tó ti ní oyè àkọ́kọ́. Ẹ̀yáwó ló kù fún un. Ẹni tó fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀lú kò tilẹ̀ lè rí ẹ̀yáwó ìjọba gbà. Ẹ̀kọ́ náà kì í sì í fi àyè sílẹ̀ fún iṣẹ́ mìíràn. Ọjọ́ mìíràn, wákàtí 12 ni wọ́n ń lò ní ọsibítù. Ẹ ka owó oúnjẹ àti owó ilé mọ́ owó ilé-ẹ̀kọ́ kí ẹ tó mẹ́nu kan ilẹ̀ títà.

Ilé-ẹ̀kọ́ olóṣù 16 ti fèsì. Ó kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde. Ti oṣù 12 pe ọmọ náà lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé kó wá sanwó kí àyè má baà kún, ṣùgbọ́n kò dáhùn ohun tó béèrè. Ìyá kò tíì ta ilẹ̀. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín, kí ó mú un wá lọ́jọ́rú. A ó jọ kà á.