Òdòdó Kékeré Orí Àpáta



Ẹni tó bá kúrò ní ilẹ̀ oníyanrìn Ogun Waterside, tó gòkè wá sí Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, ti bọ́ sórí òkúta líle àtayébáyé. Irú òkúta bẹ́ẹ̀ ló yọrí síta ní Olúmọ, ní Àdó-Àwáyè àti ní Ìdànrè. Lójú ẹni tó rí wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ohun tó gbẹ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1957, P. W. Richards kọ̀wé lórí àwọn ewéko Òkè Ìdànrè, ó sì fi hàn pé àpáta kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo.

Lára àwọn tí ń gbé irú àpáta báyìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni òdòdó tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Utricularia, èyí tó túmọ̀ sí àpò awọ kékeré. Irú rẹ̀ ju 200 lọ láyé. Àwọn kan ń léfòó lójú omi. Àwọn mìíràn, ọlọ́dún kan péré, ń hù níbi tí omi òjò ti ń sun lára àpáta.

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Erùpẹ̀ orí àpáta kò tó nǹkan, òjò sì ń fọ ọ̀rá rẹ̀ lọ. Òdòdó yìí kò ní gbòǹgbò. Ọdẹ ló ń ṣe. Ó ń fa omi jáde kúrò nínú àpò rẹ̀ títí ara àpò yóò fi rún wọnú. Bí kòkòrò omi bá fara kan irun ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn á ṣí, omi á gbé kòkòrò wọlé, ilẹ̀kùn á sì padé kí a tó ṣẹ́jú. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1875, Charles Darwin rò pé kòkòrò ló ń fi orí ti ilẹ̀kùn náà. Ìwádìí ẹ̀yìn ìgbà náà ló fi hàn pé àpò ló ń fà á.

Nígbà tí ọ̀dá bá dé, òdòdó á kú. Irúgbìn rẹ̀, tó rí bí eruku, ni yóò dúró de òjò.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí èyí. A nílò òkúta fún títì àti ilé, n kò sì bá ẹni tí ń fọ́ òkúta jà. Ṣùgbọ́n igbó tí a gé lè tún hù. Àpáta tí a fi ẹ̀tù fọ́ kì í hù mọ́, irúgbìn tó ń dúró de òjò lórí rẹ̀ sì ti ṣègbé. Nítorí náà, kí a tó fọ́ àpáta kan, kí a kọ́kọ́ lọ wò ó nígbà òjò, kí a sì dá ibi tí omi ti ń sun sí.