Ewé, Egbò àti Fáírọ́ọ̀sì tó Ń Wọ Ọpọlọ

 

Kò sí ọdún ìbílẹ̀ tí ewé kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá dé ìsọ̀ eléwé ní Dantokpa tàbí ní Ouando mọ̀ pé àwọn ìyá yẹn kò nílò ìwé kí wọ́n tó mọ èyí tó wà fún ibà àti èyí tó wà fún jẹ̀díjẹ̀dí. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ti wá kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Édouard Adjanohoun, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ wa yìí, ló ṣáájú àwọn tó kó ewé ilẹ̀ yìí àti ìwúlò wọn jọ sínú ìwé ní 1989. Pierre Verger, ará Faransé tó di babaláwo tí wọ́n sì sọ ní Fátúmbí ní Kétu, gbé ìwé tirẹ̀ lórí ewé Yorùbá jáde ní 1995. Ewé ló bí oògùn ibà tí gbogbo ayé ń lò lónìí. Òun ló mú kí Tu Youyou, obìnrin ará Ṣáínà, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ lónìí le ju ti ibà lọ. Bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ ọpọlọ ènìyàn, ṣé ewé lè lé e jáde?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ọpọlọ ní bodè tirẹ̀. Àwọn òpó tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ògiri tó dí pinpin, bí ìgbà tí aṣọ́bodè bá dúró ní Kraké tó ń tú ẹrù olúkúlùkù wò. Púpọ̀ nínú oògùn ni kì í kọjá, ìbáà jẹ́ ti òyìnbó tàbí ti ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń kọjá. Asofẹ́yẹjẹ tí àwọn baba wa fi ń wo alárùn ọpọlọ jẹ́ ọ̀kan. Èròjà tó wà nínú rẹ̀, reserpine, ni àwọn onímọ̀ rí fà yọ ní 1952 lára igi Íńdíà kan tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, wọ́n sì lò ó fún aláìsàn ọpọlọ àti ẹlẹ́jẹ̀ ríru káàkiri ayé. Ó ń wọ ọpọlọ lóòótọ́. Àmọ́ ara ni ó ń mú rọ̀, kì í pa fáírọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Àwọn tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà wà, nínú ìgò àyẹ̀wò. Curcumin, èròjà tó mú ata ilẹ̀ pupa pọ́n, dín fáírọ́ọ̀sì Japanese encephalitis kù nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi dán an wò. Ẹni tó bá sì jẹ ata náà, díẹ̀ kíún ni yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ká má tilẹ̀ sọ ti ọpọlọ. Bákan náà ni orógbó. Ní 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, ọmọ Nàìjíríà, sọ ní ìpàdé àwọn onímọ̀ ewéko ní St. Louis, Amẹ́ríkà, pé èròjà inú orógbó dá Ebola dúró nínú àyẹ̀wò. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní 2014, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí rún orógbó. Ogún ènìyàn ló mú, mẹ́jọ kú. Wíwá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn kàn, àti ṣíṣọ́ wọn, ló pa iná náà. Ebola yìí kan náà lè sá pamọ́ sínú ọpọlọ: nọ́ọ̀sì ará Scotland kan tó ti gbádùn tún dùbúlẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2015, inú omi ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n ti bá a.

Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà wa ni dìgbòlugi. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró níbí díẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ló ń pa lọ́dún, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì kó èyí tó pọ̀ jù. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn gan-an, torí àwọn ló ń bá ajá ṣeré. Bí ajá náà bá buni jẹ, fáírọ́ọ̀sì yóò gba inú iṣan rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Ó lè gbà tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Bí aláìsàn bá ti ń sá fún omi, ó ti bọ́: kò sí ewé, kò sí oògùn ilé ìwòsàn tó ń mú un padà. Nínú àwọn oṣù tó fi ń rìn yẹn nìkan ni ọ̀nà àbáyọ wà, abẹ́rẹ́ àjẹsára tí Pasteur kọ́kọ́ gún fún ọmọ kan ní oṣù keje 1885 ni ọ̀nà náà.

Kí ló dé tí àwọn kan ṣì ń búra pé àgúnmu àwọn wo ẹni tí ajá bù jẹ sàn? Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n ń pa. Kì í ṣe gbogbo ajá tó ń buni jẹ ló ní dìgbòlugi, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí èyí tó ní in bù jẹ ni àrùn ń mú. Ẹni tí kò ní ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ lo ewé, ara rẹ̀ dá, ewé gba ọpẹ́. Ẹnì kejì lo ewé kan náà, ó kú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kò sẹ́ni tó rántí ajá mọ́.

Ẹ̀yin aṣojú ìjọba, bí ajá 70 nínú 100 bá gba àjẹsára, àrùn náà kì í rí ọ̀nà tàn mọ́. Owó rẹ̀ kéré sí owó ìtọ́jú ènìyàn. Kí abẹ́rẹ́ sì wà nítòsí, kí ìyá ọlọ́mọ má baà wá a títí ọjọ́ á fi lọ.

Oníṣègùn tó bá ní ewé tó gbà gbọ́ pé ó ń bá fáírọ́ọ̀sì jà, kí ó mú un lọ sí Yunifásítì Abomey-Calavi fún àyẹ̀wò, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ kó tó ṣí àpò. Àdéhùn Nagoya ti 2010 ti là á kalẹ̀ pé ẹni tó ni ìmọ̀ gbọ́dọ̀ pín nínú èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ọmọ tí ajá bù jẹ wá bá a lálẹ́, ọṣẹ àti omi ni kó kọ́kọ́ bù, kó fi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, láìfi àtíkè ewé tàbí ata sí i. Lẹ́yìn náà kó bá wọn wá ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn lóru náà. Ó lè máa wúre fún ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń lọ.