Pọ́ǹpù Ọmú Wo Ni Ká Rà fún Àwọn Ọmọ Wa?

Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé sọ níbi àyájọ́ ọdún ẹgbẹ́ wa ní Sango-Ọ̀tà

  Wọ́n ní kí akọ̀wé wá sọ̀rọ̀ díẹ̀ bí a ti ń ṣe é lọ́dọọdún. Àwọn kan ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó la fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmú la fẹ́ sọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín o.

Ohun tó fà á nìyí. Láàárín ọdún kan sí ìsinsìnyí, fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó mélòó kan ti dé iwájú ìgbìmọ̀ tí wọ́n kọ sí i pé pọ́ǹpù ọmú ni wọ́n fẹ́ rà fún ọmọ tàbí ìyàwó ọmọ. Àwọn àgbà kan nínú ìgbìmọ̀ bi wá pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń fún omi ọyàn jáde sínú ike ni, kí ọmọ lè rí i mu nígbà tí ìyá rẹ̀ kò sí nílé. Kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí láti ọdún 1854 ni ọ̀gbẹ́ni Orwell Needham ti gba ìwé àṣẹ tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Àwa kò lò ó. Ẹ̀yìn la ń pọn ọmọ sí wá sọ́jà. Bó bá sunkún, a yí i síwájú, a fi ọmú sí i lẹ́nu, a sì ń bá oníbàárà ná ọjà lọ. Àwọn ọmọ wa kò rí ìyẹn ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn, ilé iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ, ní ìhà Ọ̀tà àti ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ṣíìfù wákàtí méjìlá. Ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n pọn ọmọ dé ìdí ẹ̀rọ?

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ọ̀kan nínú wa, a kò ní dárúkọ. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ padà síṣẹ́ nígbà tí ọmọ kò tíì pé oṣù méjì. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lọ́jà ni ọmọ ń wà láti àárọ̀ títí di alẹ́. Wọ́n ra pọ́ǹpù oníná tó gbówó lórí, ẹgbẹ́ yìí ló yá wọn lówó. Níbi iṣẹ́, kò sí ibi tí ó lè kì í bọ iná, pọ́ǹpù náà kò sì lo bátìrì. Nílé, àwọn IBEDC tí àwa àgbà ṣì ń pè ní NEPA, ẹ mọ̀ wọ́n. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó pé, omi ọyàn ọmọbìnrin náà ti ń dínkù, ìyá àgbà sì ti ń fún ọmọ lómi àti ògì nínú fídà. Ìgbẹ́ gbuuru dé. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi wà ní ọsibítù. A dúpẹ́, ọmọ yè. Títí di òní, wọ́n ṣì ń san ẹ̀yáwó náà, pọ́ǹpù sì wà nínú páálí rẹ̀.

Àwọn kan ní ọmú ọmọ náà ni kò lómi. Irọ́ ni. Ọmú kì í ṣe bí àmù tí a pọn omi kún. Bí a bá ṣe ń fà á tàbí tí a ń fún un ni omi mìíràn ń wá. Bí ó bá kún tí a kò fún un fún wákàtí méjìlá, lójoojúmọ́, ara yóò rò pé ọmọ kò fẹ́ mọ́, yóò sì dín in kù fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ṣíìfù fi gbọ́dọ̀ fún un lẹ́ẹ̀méjì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta níbi iṣẹ́, kódà bí kò bá ní pọ́ǹpù rárá.

Àjọ WHO ní kí ọmọ mu ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo. Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018, nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, bíi 29 péré ló ń mu ọmú nìkan. Kì í ṣe pé àwọn ìyá yòókù kò fẹ́. Ẹlòmíràn fẹ́, iṣẹ́ ni kò jẹ́.

Ó dáa, èwo ni ká rà? Kí a tó béèrè iye owó, ẹ jẹ́ ká béèrè ibi tí wọ́n ti máa lò ó. Ṣé iná wà níbẹ̀? Ṣé omi wà láti fọ̀ ọ́? Ṣé ibi kọ́lọ́fín kan wà tí ọmọbìnrin lè jókòó sí? Fún ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ wa, àwa gbà pé pọ́ǹpù afọwọ́tẹ̀ ló dára jù. Kò nílò iná, kò pariwo, ó wọ báàgì, owó rẹ̀ kò sì tó ti oníná rárá. Ẹni tó bá ní ìbejì, tàbí tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù tí kò lè fa ọmú, ìyẹn lè nílò oníná tó ń fa ọmú méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ èyí tó ń lo bátìrì tàbí tó ṣeé ṣáàjì, kì í ṣe èyí tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ìhò iná.

Ẹ wo ẹnu rẹ̀ tó rí bí àrọ dáadáa. Ọmú kò dọ́gba, ẹnu pọ́ǹpù náà kò dọ́gba. Orí ọmú gbọ́dọ̀ lè máa lọ máa bọ̀ nínú rẹ̀ láìha. Bí ó bá ń dun ni tàbí tí orí ọmú bó, ẹnu rẹ̀ kò bá a mu, tàbí kẹ̀ ó ń fà jù. Ká máa fara dà á kò ní mú omi wá. Ẹ tún tú u wò kí ẹ tó sanwó: bí igun rẹ̀ bá pọ̀ tí ọwọ́ kò dé, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó ní bọ́ọ̀lù rọ́bà lẹ́yìn bíi fèrè kẹ̀kẹ́, ẹ má rà á, nítorí omi ọyàn máa ń wọnú rọ́bà yẹn, kò sì ṣeé fọ̀ dé inú.

Ibi tó nira fún wa láti sọ la dé yìí. Pọ́ǹpù tòkunbọ̀. Àwa fúnra wa la ń tà á lọ́jà yìí. Àwa tí à ń bá yín sọ̀rọ̀ náà ti tà á rí ní ìsọ̀ wa, a nù ún, a fi náílọ́nù wé e, ó ń dán. Oníbàárà kan gbé tirẹ̀ padà wá, ó ní ó ń rùn. Nígbà tí a tú u, ọ̀pá rọ́bà rẹ̀ ti bu nínú, omi ọyàn ẹni tó lò ó lókè òkun ti gbẹ mọ́ inú ẹ̀rọ níbi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè dé. A dá owó rẹ̀ padà, ojú sì tì wá. Àjọ FDA ní Amẹ́ríkà, tí iṣẹ́ wọn jọ ti NAFDAC wa, sọ ọ́ kedere pé pọ́ǹpù tí wọ́n ṣe fún ẹnì kan, ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ lò ó, nítorí àrùn lè gba inú omi ọyàn ràn. Èèyàn kì í tọrọ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ́wọ́ aládùúgbò. A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ṣì ní i lórí àtẹ. A kò ní dárúkọ, ṣùgbọ́n ẹ gbé e kúrò.

Omi ọyàn tí a fún, báwo ló ṣe máa dé ilé? Ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera sọ ni pé níbi tí ooru kò bá ju 25 lórí ìwọ̀n Celsius, ó lè wà fún wákàtí mẹ́rin. Ọ̀tà ha tutù tó bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án? Nítorí náà, ẹ ra kúlà kékeré, kí ẹ to yìnyín sí i. Nínú kúlà tó tutù dáadáa, ó lè lo wákàtí 24. Nínú fìríìjì tí iná rẹ̀ kì í lọ, ó lè lo ọjọ́ mẹ́rin. Èyí tó bá ti dì tó sì ti yọ́, ẹ má mú un dì mọ́. Ẹ má gbé e kaná, inú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ gbé ike náà sí. Ife kékeré tàbí ṣíbí ló dára láti fi fún ọmọ, nítorí wọ́n rọrùn ún fọ̀ ju fídà lọ. Èyí tí ọmọ bá mu kù, kò gbọ́dọ̀ ju wákàtí méjì lọ. Ẹ̀yin ìyá àgbà, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí bá wí jù, ọwọ́ yín ni ọmọ wà.

Ẹni tí kò sì lówó pọ́ǹpù, Ọlọ́run ti fún un ní ọwọ́. Kí ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá di ẹ̀yìn ibi dúdú ọmú mú, kí ó tì í sẹ́yìn síhà àyà, kí ó wá fún un, kí ó máa yí ọwọ́ kiri. Kí ó má kàn máa fa orí ọmú. Nọ́ọ̀sì tó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára yóò fi hàn án bó bá béèrè.

Ọ̀kan kù. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa ní kí obìnrin tó ń fún ọmọ lọ́mú rí ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀méjì lóòjọ́ láàárín iṣẹ́ fún un. Kí wọ́n má pè é síṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó bímọ. Lójú tiwa, ààbọ̀ wákàtí méjì yẹn ni àkókò pọ́ǹpù. Ọmọ tó ń ṣe káṣúà máa ń bẹ̀rù láti béèrè, kí wọ́n má baà ní kó máa lọ sílé. Kí àwọn bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin jọ lọ bá súpáfáísọ̀ pọ̀, ìyẹn sàn ju kí ẹnì kan dá lọ.

Lórí ẹ̀yáwó, àbá tí a gbé síwájú ìgbìmọ̀ ni pé kí owó pọ́ǹpù afọwọ́tẹ̀ àti kúlà máa jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan láìdúró de ìpàdé, kí ẹgbẹ́ má sì yá ẹnikẹ́ni lówó tòkunbọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ oníná, kí ìyá ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá sọ fún wa bóyá iná wà níbi iṣẹ́ rẹ̀. Pọ́ǹpù afọwọ́tẹ̀ kan wà lórí tábìlì akọ̀wé níbẹ̀ yẹn, tuntun ni, a ra á fún àfihàn. Lẹ́yìn oúnjẹ, kí ẹ̀yin aboyún àti ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ wá tú u, kí ẹ tò ó padà.