Bí Kọ́ńpìnnì Iná Bá Kógbá Sílé: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Oníbàárà Ṣe

(Ọ̀rọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn bá àwọn ará ibùdó sọ)

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ti ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ti irúgbìn. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni. Nígbà tí àwọn àgbà wa kọ́kọ́ dé sí ilẹ̀ yìí, àtùpà elépo ni wọ́n ń tàn. Lónìí, iná ni ó ń lọ àgbàdo wa, iná ni ó ń fa omi, iná ni ó ń mú ẹja dì, òun náà ni ó ń mú ara òròmọdìyẹ móoru. Nítorí náà, bí kọ́ńpìnnì tí ó ń ta iná fún wa bá wọ gbèsè, kì í ṣe òkùnkùn nìkan ni ó yẹ kí á bẹ̀rù. Owó ni ó wà níbẹ̀, owó tí a fi àádùn ara wa pa.

Ìbéèrè tí ẹ ń bi wá ni pé: “Wọ́n ní báńkì ti gba kọ́ńpìnnì iná. Ta ni kí á máa san owó fún? Èyí tí a ti san ńkọ́? Ṣé gbèsè tí a jẹ ti parẹ́?” Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ẹ jẹ́ kí á dáhùn rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí

Láti ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa iṣẹ́ pípín iná lé àwọn oníṣòwò lọ́wọ́. Kọ́ńpìnnì 11 ni wọ́n pín orílẹ̀-èdè yìí fún, olúkúlùkù sì ní agbègbè tirẹ̀. Àwọn oníṣòwò ra ìdá 60 nínú 100, ìjọba sì di ìdá 40 mú.

Kò pẹ́ tí wàhálà fi bẹ̀rẹ̀. Kọ́ńpìnnì Yola ni ó ń pín iná fún Adamawa, Borno, Taraba àti Yobe. Ní ọdún 2015, àwọn tí wọ́n rà á sọ pé ogun Boko Haram kò jẹ́ kí àwọn lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́, wọ́n sì dá a padà fún ìjọba. Ọdún 2021 ni ìjọba tó tún rí ẹlòmíràn tà á fún. Ní oṣù keje ọdún 2022, wọ́n kéde pé báńkì Fidelity ti gbẹ́sẹ̀ lé ìpín àwọn tí wọ́n ni kọ́ńpìnnì Kano, Kaduna àti Benin, nítorí owó tí wọ́n yá fi ra iṣẹ́ náà tí wọn kò lè san. Ní ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, àjọ NERC, tí ó ń ṣe àkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, tú ìgbìmọ̀ olùdarí kọ́ńpìnnì Kaduna ká nítorí gbèsè tí ó lé ní bílíọ̀nù 100 náírà. Àjọ náà fi alábòójútó sí ipò wọn. Kọ́ńpìnnì yìí ni ó ń pín iná fún Kaduna, Kebbi, Sokoto àti Zamfara. Àwọn ará wa pọ̀ ní gbogbo ibẹ̀.

Bí ẹ bá bi wá pé kí ni ó ń mú irú kọ́ńpìnnì ńlá bẹ́ẹ̀ wọ gbèsè, ẹ wo ìyá alágbàdo tí ó ra ọjà àwìn. Ó gbé ọjà lọ sí ìsọ̀. Díẹ̀ bàjẹ́ lọ́nà, àwọn kan jí nínú rẹ̀, àwọn kan rà á wọn kò sanwó. Ẹni tí ó tà á fún un sì dúró ní ẹnu ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kọ́ńpìnnì iná: àwìn ni ó ń ra iná lọ́wọ́ àwọn tí ó ń pèsè rẹ̀. Wáyà tí ó ti gbó ń fi iná ṣòfò, àwọn kan ń jí iná lò, àwọn mìíràn kì í san bíìlì, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba kan sì wà lára wọn.

Ohun tí ó ṣubú àti ohun tí kò ṣubú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ibí yìí mú dáadáa. Bí kọ́ńpìnnì bá wọ gbèsè, àwọn olówó rẹ̀ ni ó ṣubú. Òpó kò ṣubú, wáyà kò ṣubú, nọ́ńbà mítà yín kò yí padà. Òfin iná ti ọdún 2023 àti èyí tí ó wà ṣáájú rẹ̀ fún àjọ àkóso ní agbára láti fi alábòójútó sí ibi tí kọ́ńpìnnì bá ti kùnà, kí iná má bàa kú fún gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, báńkì ni o, ìjọba ni o, oníṣòwò tuntun ni o, ẹni tí ó bá gba kọ́ńpìnnì gba ìwé àkọsílẹ̀ oníbàárà pẹ̀lú rẹ̀. Gbèsè tí ẹ jẹ wà nínú ìwé náà. Owó tí ẹ san pẹ̀lú yẹ kí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé kò bá kọ ọ́, ìwé ọwọ́ yín nìkan ni ó lè sọ̀rọ̀ fún yín.

Ọ̀gá tuntun kò sì lè jí ní òwúrọ̀ kan kí ó fi owó iná sókè bí ó ti wù ú. Àjọ àkóso ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iye tí wọn yóò máa tà á.

Ohun tí kí á ṣe

Èkínní, ẹ ka mítà yín lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́ ìròyìn náà. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ó wà lójú rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti oṣù. Bí ọmọ bá ní fóònù tí ó ń ya àwòrán, kí ó yà á. Ẹni tí kò ní mítà, tí ó jẹ́ pé bíìlì àfojúdá ni wọ́n ń mú wá fún un, kí ó tọ́jú bíìlì ìkẹyìn àti rìsíìtì rẹ̀.

Èkejì, ẹ kó ìwé yín jọ sí ojú kan: nọ́ńbà àkáǹtì, nọ́ńbà mítà, orúkọ tí ó wà lórí bíìlì, àti gbogbo rìsíìtì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń gbé ilé onílé, orúkọ bàbá onílé tàbí ti ẹni tí ó ti kó lọ ni ó sì wà lórí bíìlì. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ mọ orúkọ náà bí wọ́n ti kọ ọ́. Ẹ fi ìwé sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gbé e sínú agolo tí ó ní ìdérí. Ikán kì í mọ rìsíìtì yàtọ̀ sí ewé gbígbẹ.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe dá owó iná dúró nítorí pé “kọ́ńpìnnì ti kú.” Ẹni tí ó bá dá a dúró fún oṣù mẹ́fà yóò rí i pé gbèsè oṣù mẹ́fà ń dúró dè é nígbà tí ọ̀gá tuntun bá jókòó, wọ́n sì lè já iná rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin tí ẹ ń lo mítà oníkáàdì, bí ẹ bá ti ra iná, ẹ tẹ nọ́ńbà 20 náà sínú mítà kíákíá. Iná tí ó ti wọ mítà ti di tiyín. Ẹ rántí oṣù kọkànlá ọdún 2024, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo oníbàárà tẹ nọ́ńbà àkànṣe láti tún mítà ṣe. Ẹni tí ó ti ra iná pa mọ́, tí kò tẹ̀ ẹ́ kí ó tó tún mítà ṣe, mítà kò gbà á mọ́. Ẹ má ṣe ra iná oṣù mẹ́ta pa mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ó dára.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ ṣọ́ra fún ọlọ́jà òkùnkùn. Ní ìgbà tí ilé bá ń yí ọwọ́ ni olè máa ń wọlé. Ẹnìkan lè dé pẹ̀lú fìlà àti káàdì lọ́rùn pé òun ni aṣojú ọ̀gá tuntun, kí ẹ san gbèsè àtijọ́ sí òun lọ́wọ́, kí òun má bàa gun òpó. Ẹ má ṣe kà owó sí i lọ́wọ́, ẹ má sì ṣe fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì orúkọ ènìyàn. Ọ́fíìsì kọ́ńpìnnì, báńkì, tàbí aṣojú tí ó ń fún yín ní rìsíìtì tí ó gbé nọ́ńbà mítà yín ni kí ẹ san án fún. A mọ̀ pé àwa àjèjì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ halẹ̀ mọ́. Èdè Hausa ni wọ́n sì fi ń kéde lórí rédíò lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí kò gbọ́ a máa sáré sanwó. Ẹ bi aládùúgbò yín tí ó jẹ́ onílẹ̀. Bí wọn kò bá gba owó náà lọ́wọ́ tirẹ̀, ẹ má ṣe san án.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má ṣe kọ́ wáyà sórí òpó pé kò sí ẹni tí ń wò. Olè ni lójú òfin, ikú sì ni lójú wáyà.

Ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà

Ibí ni owó ibùdó ti ń ṣòfò jù. Tiransifọ́mà bàjẹ́, kọ́ńpìnnì ní òun kò ní owó, àwọn ará ìletò dá owó jọ, wọ́n rà á, wọ́n sì gbé e sórí òpó. Nígbà tí ọ̀gá tuntun dé, ó ní ti kọ́ńpìnnì ni. Kò sí ìwé kan tí ó sọ pé àwọn ará ìletò ni wọ́n rà á. Kọ́ńpìnnì ni ó yẹ kí ó ra tiransifọ́mà àti òpó. Bí oníbàárà bá fẹ́ rà á kí iná lè tètè dé, ìlànà NERC ti wà láti ọdún 2015 pé kí wọ́n kọ́kọ́ bá kọ́ńpìnnì kọ ìwé àdéhùn bí wọn yóò ṣe dá owó náà padà. Bí kò bá sí ìwé àdéhùn, ẹ má ṣe dá owó jọ. Bí a bá bi yín nínú, ẹ dárí jì wá, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni.

Ibi tí a ti ń gbé ẹjọ́ lọ

Bí wọn kò bá rí owó yín nínú ìwé, ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ní kọ́ńpìnnì náà. Ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ yín, ẹ má sì ṣe fún wọn ní ojúlówó rìsíìtì. Ẹ̀dà rẹ̀ ni kí ẹ fún wọn. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, tàbí ìdáhùn wọn kò tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì tí NERC dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ fún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni NERC fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà òfin ọdún 2023, àwọn ìpínlẹ̀ kan, bíi Kogi, ti ní àjọ àkóso iná tiwọn. Ẹ kọ́kọ́ béèrè èyí tí ó ń ṣe àkóso ibi tí ẹ wà. Ẹ sì pa ẹjọ́ pọ̀: àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Iná oòrùn àti àwọn ọmọ wa ní Ìlú Ọba

Ní ìletò tí òpó kò dé, kọ́ńpìnnì kéékèèké ń ta iná oòrùn fún wa, àwọn mìíràn sì ń gba owó díẹ̀díẹ̀ lórí pánẹ́ẹ̀lì. Àwọn náà lè kógbá sílé, ó sì lè má sí ẹni tí yóò rọ́pò wọn. Ẹ bi wọ́n ní ìwé àṣẹ. Ẹ tọ́jú ìwé àdéhùn àti nọ́ńbà tí ó wà lára ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe san owó ọdún kan sílẹ̀ nítorí pé wọ́n dín owó kù.

Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Ìlú Ọba náà ti rí i. Ní ọdún 2021, nígbà tí owó gáàsì fò sókè, kọ́ńpìnnì tí ó ń ta iná níbẹ̀ tí ó kógbá sílé lé ní 25. Ọ̀kan nínú wọn, Bulb, ní oníbàárà tí ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Níbẹ̀, àjọ Ofgem ni ó ń yan kọ́ńpìnnì mìíràn fún oníbàárà, iná kì í kú, owó tí onílé ti san sílẹ̀ kì í sì í sọnù. Bí ọmọ yín bá tẹ̀ yín láago pé ó ṣẹlẹ̀ sí òun, ẹ sọ fún un pé kí ó ka mítà rẹ̀, kí ó tọ́jú bíìlì, kí ó má ṣe sáré lọ sí kọ́ńpìnnì mìíràn, kí ó dúró de lẹ́tà kọ́ńpìnnì tuntun. Ẹ rí i pé ìmọ̀ràn kan náà ni: mítà àti ìwé.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Kí ọjà tí ó ń bọ̀ tó kọjá, kí olúkúlùkù mú bíìlì àti rìsíìtì rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì wa. A ó bá yín kọ nọ́ńbà mítà àti ti àkáǹtì sínú ìwé ńlá ibùdó, kí ó lè jẹ́ pé bí ti ilé bá jóná tàbí tí ikán bá jẹ ẹ́, òmíràn wà. A kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè rìn, kí ó rán ọmọ wá pe wá, àwa ni a ó wá bá a.