Ìlù Ló Ń Darí Eégún: Ọ̀rọ̀ Lórí Kíbọ́ọ̀dù àti Àwòrán Orí Kọ̀ǹpútà

  

Ṣé orin lè máa darí ohun tí à ń fojú rí? Ẹni tó bá bi ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní irú ìbéèrè yìí, ẹ̀rín ni yóò kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Nígbà tí eégún Eléwe bá bọ́ sójú agbo, ta ló ń sọ fún un pé kó yípo, kó sáré, kó dúró gbagidi? Onílù ni. Kì í ṣe àwa nìkan la mọ̀ ọ́n: John Pemberton, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé nípa eégún Ìgbómìnà láti 1978.

Àwọn òyìnbó náà wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ títí. Ní 1725, Louis Bertrand Castel, àlùfáà ọmọ Faransé, gbèrò dùùrù kan tí yóò máa yọ àwọ̀ bí a bá ti ń tẹ̀ ẹ́. Ní 1910, Alexander Scriabin, ọmọ Rọ́ṣíà, kọ ipa dùùrù iná sínú orin rẹ̀ tó pè ní Prometheus, ṣùgbọ́n New York, ní 1915, ni wọ́n ti wá fi iná aláwọ̀ ṣe é níwájú èrò.

Ohun tó wá sọ ọ́ di iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni ni MIDI, èdè tí ohun èlò orin àti kọ̀ǹpútà fi ń bára wọn sọ̀rọ̀, tó jáde ní 1983. Dave Smith ti Amẹ́ríkà àti Ikutaro Kakehashi ti Japan ló léwájú nínú rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Grammy nítorí rẹ̀ ní 2013. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. MIDI kì í gbé ohùn. Nọ́ńbà ló ń gbé. Bí ẹ bá rọra tẹ dò àárín, nọ́ńbà 60 á jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà mìíràn tó sọ bí ọwọ́ yín ti wúwo tó, ká ní 30. Bí ẹ bá fi agbára tẹ̀ ẹ́, 60 kan náà ni, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ lè di 110. Kò lè kọjá 127. Bí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò, iṣẹ́ mìíràn tún jáde pé ẹ ti gbọ́wọ́. Kò sófin tó ní kí kọ̀ǹpútà fi 60 yẹn kọrin. Ó lè fi ya òbìrí, ó lè fi pa àwọ̀ ojú ògiri dà.

Ẹjọ́ tí mo ní rèé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi MIDI darí àwòrán kàn ń jẹ́ kí àwòrán máa ṣẹ́jú ni: tẹ̀ ẹ́, kó tàn, tẹ̀ ẹ́, kó kú. Ariwo ojú lásán nìyẹn. Onílù dùndún kì í sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń fún ọsán mọ́ra, ohùn ń gòkè. Ó ń dẹ̀ ẹ́, ohùn ń sọ̀ kalẹ̀, láìjá. Títẹ kíbọ́ọ̀dù lásán kò lè ṣe èyí, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kékeré tó sábà máa ń wà lápá òsì rẹ̀, èyí tó ń gbé ohùn sókè sódò, lè ṣe é: nọ́ńbà rẹ̀ ń lọ láti 0 títí dé 16383, 8192 láàárín. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni kí ẹ so mọ́ ìrìn àwòrán yín, kí ó lè nà, kí ó lè súnkì.

Ó ku ohun kan. Eégún kì í ṣe ẹrú ìlù. Ó lè kọ̀, onílù á sì wá nǹkan mìíràn lù. Àwòrán tó kàn ń gbọ́ràn kì í pẹ́ sú ènìyàn. Ẹ kọ ètò kọ̀ǹpútà tí yóò jẹ́ kó máa rẹ àwòrán bí ẹ bá ń tẹ ibì kan náà ṣáá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tó wà ní Ìlá níbí, kíbọ́ọ̀dù wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ní ojú ihò USB lẹ́yìn tí ẹ lè fi so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Processing, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà fún yíya àwòrán tí Casey Reas àti Ben Fry dá sílẹ̀ ní 2001, ọ̀fẹ́ ni; ọ̀fẹ́ náà ni Pure Data, irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún orin àti àwòrán, ti Miller Puckette. Ẹ lọ jókòó ti àwọn onílù kí ẹ tó kọ ìlà kan sínú kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá sì fẹ́ ya eégún sínú fídíò, ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọ̀jẹ̀ ná.